Bí a ṣe lè mọ ibi tí ímeèlì ti ń pẹ́ lórí server Postfix

Bí ímeèlì tí ẹ fi ránṣẹ́ láti orí server tí ẹ ń bójú tó fúnra yín bá ń pẹ́ kó tó dé, ẹ má tíì tún Postfix, ètò tó ń gba ímeèlì tó sì ń fi í ránṣẹ́ lórí server yín, tan, ẹ má sì tíì yí ohunkóhun padà nínú `main.cf`, fáìlì ìṣètò rẹ̀. Postfix ti kọ ibi tí àkókò náà bá lọ sílẹ̀, ó sì ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í kà á.

Ẹ kọ́kọ́ fi `mailq` wo àwọn lẹ́tà tó ṣì dúró àti ìdí tó kọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú àmì ìdánimọ̀ lẹ́tà kan níbẹ̀, kí ẹ sì wá a nínú `/var/log/mail.log`, bí fáìlì yìí kò bá sí, ẹ lo `journalctl -t postfix/smtp`. Ẹ óò rí irú ìlà yìí:

`delay=30, delays=0.05/0.02/30/0, dsn=4.4.1, status=deferred`

Nọ́ńbà mẹ́rin tó tẹ̀lé `delays` ni kókó ọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú àáyá sì ni gbogbo wọn. Èkíní ni àkókò tó kọjá láti ìgbà tí lẹ́tà ti wọlé títí di ìgbà tí Postfix gbé e síwájú kẹ́yìn. Èkejì ni èyí tó fi dúró de àyè. Ẹ̀kẹta ni èyí tí Postfix fi béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ DNS (ìwé àdírẹ́sì Íńtánẹ́ẹ̀tì), tó sì fi bá server tó fẹ́ gba lẹ́tà sopọ̀. Ẹ̀kẹrin ni èyí tó fi gbé lẹ́tà náà fún un. Bí èkíní bá pọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé ìgbìyànjú láti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ ti kùnà tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ wá ìlà àkọ́kọ́ tó ní àmì ìdánimọ̀ yẹn àti `status=deferred`, ibẹ̀ ni ìdí gidi wà. Bí èkejì bá pọ̀, lẹ́tà púpọ̀ ló ń lọ síbì kan náà lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀kẹta ló máa ń fa wàhálà jù. Bó bá tó 30 tí ọ̀rọ̀ náà sì parí sí `Connection timed out`, ẹ fi `nc -vz gmail-smtp-in.l.google.com 25` dán port 25, ẹnu ọ̀nà tí server fi ń gbé ímeèlì fún server mìíràn, wò, nítorí pé AWS, Google Cloud àti ọ̀pọ̀ irú wọn kì í sábà jẹ́ kí lẹ́tà gba ibẹ̀ jáde; bí wọn kò bá ṣí i, ẹ yan `relayhost`, ìyẹn server mìíràn tí yóò bá yín fi lẹ́tà ránṣẹ́, tó ń gba lẹ́tà ní port 587. Bó bá jẹ́ ọ̀nà IPv6 (irú àdírẹ́sì Íńtánẹ́ẹ̀tì tuntun) nìkan ni kò já gaara, `smtp_address_preference = ipv4` nínú `main.cf` yóò tó. Bí ẹ bá sì ti yí `/etc/resolv.conf`, fáìlì tó ń sọ DNS tí server yín ń lò, padà lórí Debian, ẹ rántí pé ó lè jẹ́ ẹ̀dà tó wà nínú `/var/spool/postfix/etc` ni Postfix ń kà. Ìgbà yìí gan-an ni títún un tan wúlò, torí pé ó máa ń ṣe ẹ̀dà tuntun.

Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 lẹ́yìn `dsn` (àmì èsì ìgbìyànjú náà) túmọ̀ sí pé ìdúró náà kò tíì di ìkọ̀sílẹ̀. Àwọn server kan máa ń ní kí àlejò tí wọn kò mọ̀ rí lọ kó padà wá, Postfix yóò sì tún gbìyànjú lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àlàfo náà yóò máa gùn títí dé 4000 ìṣẹ́jú àáyá, fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má máa fi `postqueue -f` tì í léraléra, nítorí pé ó ń dí àwọn lẹ́tà yòókù lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ Gmail ló ń dáhùn pẹ̀lú `421 4.7.0`, ẹ yẹ SPF (àkọsílẹ̀ àwọn server tó láṣẹ láti fi lẹ́tà yín ránṣẹ́), DKIM (ìbuwọ́lù tó wà lórí lẹ́tà) àti PTR (orúkọ tí DNS fún àdírẹ́sì IP server yín) yín wò. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Google ti ń béèrè PTR pẹ̀lú SPF tàbí DKIM lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Gmail.

Bí ẹ bá wá rí `status=sent` tí `delay` sì kéré, lẹ́tà ti kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ ní kí ẹni tó gbà á fi àwọn ìlà `Received` tó wà lórí rẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ kà wọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹ sì wo ibi tí aago ti fò láàárín ìlà méjì. Ẹ fún alábòójútó server tó gba lẹ́tà náà ní wákàtí àti ìdáhùn `250` (èyí tó fi hàn pé server náà gbà á) tó wà nínú àkọsílẹ̀ yín, òun ni yóò lè wá a rí lọ́dọ̀ tirẹ̀.