Bí mo ṣe yan jákẹ́ẹ̀tì A-2 mi: awọ ni mo kọ́kọ́ bèèrè, kì í ṣe orúkọ

Ọdún kejì tí mo dé London ni èjìká jákẹ́ẹ̀tì awọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí èèpo àlùbọ́sà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á. Ẹni tó tà á fún mi kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé awọ gidi ni, irú èyí tí àwọn awakọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà wọ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Mo ya fọ́tò ibi tó hó, mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Ọ̀yọ́. Oníṣọ̀nà ni wọ́n. Tìmùtìmù, àpò awọ àti làbà Ṣàngó ni wọ́n fi tọ́ wa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè mí.

"Àjàní, ṣé o fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò kí o tó sanwó?"

"Rárá, Bàbá. Inú fóònù ni mo ti rí i."

"Ọ̀dà ni wọ́n tà fún ọ. Ojú awọ gan-an ti bá ẹlòmíràn lọ."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Tí wọ́n bá la awọ màlúù tó nípọn sí méjì, apá òkè tí irun ti hù ló lágbára. Apá ìsàlẹ̀ kàn rí wúruwùru ni, ọ̀dà tó dà bí ike ni wọ́n sì ń kùn lé e kó lè máa dán. Bí ọ̀dà bá ti sán, ó parí. Owó oṣù kan gbáko ni mo fi ra ìyẹn, ó sì dùn mí wọra. Mo pinnu pé n ó ra òmíràn, ojúlówó, ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Oṣù mẹ́jọ ló gbà mí.

Jákẹ́ẹ̀tì tí mo ń sọ yìí, A-2 lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1931 ni iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i kó rọ́pò A-1, èyí tó jẹ́ pé bọ́tìnì ni wọ́n fi ń pa á dé. Síìpù ni ti A-2. Ó ní àpò méjì tó ní ìdérí níwájú, aṣọ híhun lọ́rùn ọwọ́ àti ní ìbàdí, àti kọ́là tí bọ́tìnì àtẹ̀pa ń dì mọ́lẹ̀. Kò sí àpò tí èèyàn lè ki ọwọ́ bọ̀ nítorí òtútù. Awọ ẹṣin ni ìwé àṣẹ wọn béèrè. Ohun tó wá gbà mí lọ́kàn jù ni ẹ̀yìn rẹ̀: odidi awọ kan ṣoṣo ni, kò ní ojú ìránṣọ láàárín. Ẹni tó bá ti bá awọ ṣiṣẹ́ rí mọ ohun tí ìyẹn ń náni. Wàá wá awọ tó fẹ̀, tí kòkòrò ò jẹ, tí wáyà ọgbà ò fà ya. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti rí èyí tí wọ́n fi awọ méjì lẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n sì pè é ní A-2, mo ti kọjá lọ nìyẹn.

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò sí iléeṣẹ́ kan tó lè dá sọ pé òun ló ni A-2. Ńṣe ni ìjọba ń pín iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ilé aránṣọ. Rough Wear wà ní Pennsylvania, Dubow wà ní Chicago, Perry Sportswear wà ní Newburgh, Aero Leather wà ní Beacon ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn mìíràn sì wà. Àwòrán kan náà ni wọ́n fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹ fún télọ̀ mẹ́ta ní aṣọ ẹbí kan náà, kí ẹ wá wo ọrùn àti àpò rẹ̀ lọ́jọ́ òde. Kọ́là ti ẹnì kan ní ègé awọ tó gbé e dúró lábẹ́, ti ẹlòmíràn kò ní. Etí ìdérí àpò ti ọ̀kan rí ṣóńṣó, ti èkejì tẹ́. Ní ọdún 1943 ni ìjọba dáwọ́ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ dúró, wọ́n gba ti aláṣọ mú. Ìdí nìyẹn tí ojúlówó ti àtijọ́ fi wọ́n bí ojú.

Ojúlówó kan ni mo sì fọwọ́ kàn ní Duxford, nítòsí Cambridge, níbi tí Imperial War Museum kó àwọn ọkọ̀ òfuurufú ogun sí. Lọ́jọ́ àfihàn, àwọn tó ń ta ọjà àtijọ́ máa ń pàtẹ síbẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ní ọ̀kan tí orúkọ Rough Wear ṣì hàn fírífírí lábẹ́ kọ́là rẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n wọ̀ ọ́, wọ́n ní òwú abẹ́ apá rẹ̀ ti gbó. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo fi àtàǹpàkò tẹ àyà rẹ̀. Awọ náà sún kì, ó ya ìlà tín-ín-rín yí ìka mi ká, bí mo ṣe gbé ọwọ́ kúrò ni àwọn ìlà náà ṣá lọ. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ní ojú kíká bí ilà àtẹ́lẹwọ́. Létí àpò, níbi tí ọwọ́ ẹnì kan ti ń ṣí i tó sì ń pa á dé fún ọdún pípẹ́, àwọ̀ dúdú ti pa, pupa rúsúrúsú ti yọ lábẹ́ rẹ̀. Mo tún gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni, mo dúró síbẹ̀ pẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá tò awọ sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Awọ àgùntàn tí irun rẹ̀ ṣì wà nínú móoru jù lọ. Òun ni wọ́n fi ṣe B-3 ti Amẹ́ríkà àti jákẹ́ẹ̀tì Irvin ti àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (RAF), èyí tí Leslie Irvin, ará Amẹ́ríkà tó dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Letchworth, gbé jáde. Irvin ni mo kọ́kọ́ fẹ́, nítorí ọmọ Nàìjíríà wa, Akin Shenbanjo, tó bá RAF fò nínú ọkọ̀ ajubọ́ǹbù Halifax ti ẹgbẹ́ 76 Squadron nígbà ogun náà, tí wọ́n sì fi DFC, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà àwọn ọmọ ogun òfuurufú, dá lọ́lá. Orí mi máa ń wú tí mo bá rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ láàárọ̀, Irvin á sè mí jinná.

Awọ ewúrẹ́ kì í ṣe àlejò sí ọmọ Ọ̀yọ́. Awọ ewúrẹ́ pupa ti Sókótó ló kọjá aginjù Sàhárà dé ọ̀nà Morocco, tí àwọn Òyìnbó fi ń pè é ní awọ Morocco. Ó fúyẹ́, ó yi, ojú rẹ̀ ní kókó wẹ́wẹ́ tí kò jẹ́ kí ìfarapa tètè hàn. Òun ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fi ń ṣe G-1 tiwọn, òun náà ni Air Force lò nígbà tí wọ́n dá A-2 padà ní 1988. Bí owó yín ò bá pọ̀, awọ ewúrẹ́ tó dára sàn ju awọ ẹṣin tí kò dára lọ fíìfíì. Awọ màlúù náà ò burú bó bá jẹ́ ojú rẹ̀ gan-an ni, àmọ́ kì í ní kíká kékeré bíi ti ẹṣin.

Ti ẹṣin, apá iwájú ni ẹ béèrè. Ibi ìdí rẹ̀ ni awọ cordovan ti ń jáde, bàtà ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn. Kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ awọ náà. Èyí tí wọ́n rẹ sínú omi èèpo igi máa ń le níbẹ̀rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ń yí padà bó ṣe ń pẹ́ lára ẹni. Èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà kúróòmù ṣe máa ń tètè rọ̀, kò sì bẹ̀rù òjò tó bẹ́ẹ̀. Horween ní Chicago àti Shinki ní Himeji, ní Japan, ni orúkọ méjì tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó mọ awọ ẹṣin.

Nínú àwọn tó ń rán an lóde òní, mo yẹ Eastman tó wà ní Devon wò, àti Buzz Rickson's àti Real McCoy's tó wà ní Japan. Àwọn wọ̀nyí máa ń tẹ̀ lé iṣẹ́ ilé aránṣọ àtijọ́ kọ̀ọ̀kan débi ìrísí kọ́là. Cockpit USA, tó ń jẹ́ Avirex tẹ́lẹ̀, náà wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Aero ní Scotland ni mo rà sí. Orúkọ ló bá ti Beacon mu, ilé kan náà kọ́. Ohun tó mú mi yàn wọ́n ni pé mo lè bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n sì fi ègé awọ ránṣẹ́ sí mi kí n tó sanwó. Mo ká ègé náà, mo kán omi sí i, mo wo ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti gé e bóyá àwọ̀ rẹ̀ wọnú. Mo wá fi ọ̀kan rán ẹ̀gbọ́n kan tó ń lọ sílé sí bàbá mi.

Kí n má gbàgbé ìwọ̀n. Ẹ má wọn ara yín. Ẹ tẹ́ jákẹ́ẹ̀tì tó bá yín mu sórí tábìlì, kí ẹ wọn ún láti abẹ́ apá dé abẹ́ apá, láti abẹ́ kọ́là dé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, kí ẹ wọn èjìká àti ọwọ́. A-2 kúrú, ìbàdí ló ń dé. Mo ti fẹ́ sọ pé kí wọ́n fi kún gígùn rẹ̀, inú mi dùn pé n kò sọ ọ́.

Nígbà tó dé, ó le débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró lórí àga. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wọ̀ ọ́ nínú ilé lálẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tó gbà. Nísinsìnyí kíká ti ń wọ̀ ọ́, ti apá ọ̀tún pọ̀ ju ti òsì lọ.

Bàbá mi kò dá ègé awọ yẹn padà. Wọ́n ti dá ọnà sí i lára, wọ́n fi kọ́ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo pè wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ẹṣin náà jẹun yó kó tó kú. "Gbé e wálé ní Kérésì," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ rí."