Bí oorun ṣe padà sójú mi

Oṣù méjì gbáko ni mi ò fi rí oorun sùn dáadáa. Tó bá ti di aago méjì òru, ojú mi á là kedere: owó ilé, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, gbèsè ọjà tí mo rà láwìn.

Àdúrà alágbára ni mo kọ́kọ́ dán wò. Ariwo mi jí ọmọ, ó tún jí alájọgbélé, oorun ò sì wá. Mo gbé fóònù. Ìyẹn tilẹ̀ burú jù.

Ohun tó padà ṣiṣẹ́ kéré débi pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tì mí láti sọ ọ́. Sáàmù 4 ẹsẹ 8 ni màmá mi máa ń kà kí wọ́n tó sùn, níbi tí Dáfídì ti ní òun á dùbúlẹ̀ ní àlàáfíà. Dáfídì ò kúkú sọ pé wàhálà ti tán o! Nínú sáàmù yẹn kan náà ló ti ń ráhùn àwọn tó ń tàbùkù rẹ̀.

Mo ra ìwé kékeré kan. Lálẹ́, mo kọ gbogbo ohun tó ń dà mí láàmú síbẹ̀, mo ka ẹsẹ yẹn sókè, mo ní, "Bàbá, ó dọwọ́ Yín," mo pa ìwé dé. Láàárọ̀, mo mú ẹyọ kan ṣe nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ bá bàbá onílé. Wọ́n gbà kí n máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ó tó ọjọ́ mọ́kànlá kí n tó sùn mọ́jú. Gbèsè ọjà ṣì wà ńlẹ̀. Tójú mi bá là lóru báyìí, ma wo ìwé náà lórí tábìlì, ma yí ẹ̀gbẹ́ padà.