Ọmọ gba abẹ́rẹ́ èéyi, ara rẹ̀ wá gbóná

Ìbéèrè: Ọmọ mi gba abẹ́rẹ́ èéyi ní oṣù 9. Kò ṣe é ní nǹkan kan, àfi lọ́jọ́ kẹsàn-án tí ara rẹ̀ gbóná. Ṣé abẹ́rẹ́ ló fà á?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe. Kòkòrò èéyi alààyè ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kàn ti yọ eyín ẹnu rẹ̀ ni. Ó ní láti kọ́kọ́ pọ̀ díẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun ara tó gbéjà kò ó, ìdí nìyẹn tí ara fi ń gbóná láàárín ọjọ́ 7 sí 12. Pẹ́ńtà, abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn márùn-ún, kò ní kòkòrò alààyè, ọjọ́ kan sí méjì ni tirẹ̀.

Bí ó bá ń ni ọmọ lára, ẹ fún un ní parasitamọ́ọ̀lù olómi. Ẹ wo ara ìgò: bí ó bá jẹ́ 120 mg nínú mílílítà 5, mílílítà 5 ló tó ọmọ kílò 8, kí wákàtí 6 wà láàárín. Ẹ má fún un ṣáájú abẹ́rẹ́, ẹ má sì fi róòbù tàbí omi gbígbóná wọ́ ojú abẹ́rẹ́. Àmọ́ ibà ẹ̀fọn kì í wo káàdì àjẹsára: bí ara gbígbóná bá ju ọjọ́ méjì lọ, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí ọmọ bá kọ ọmú tàbí gìrì mú un, ẹ má dúró rárá.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọn ò fún un ní oṣù 3?

Ìdáhùn: Inú oyún ni ìyá ti fi ọmọ ogun tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ. Wọ́n á pa kòkòrò inú abẹ́rẹ́ kí ara ọmọ tó kọ́ bí a ṣe ń dá a mọ̀, abẹ́rẹ́ á ṣòfò. Ní oṣù 9 pàápàá, nínú ọmọ 100, nǹkan bí 85 ni abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́ fún. Ti oṣù 15 wà fún àwọn tó kù, gbogbo ọmọ ló sì ń gbà á, torí ojú lásán kò lè mọ̀ wọ́n.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ní àwọn ọmọ tó wá ò tíì pọ̀ tó, kí n padà wá.

Ìdáhùn: Ìgò kan tó ọmọ 10. Bí wọ́n bá ti fi omi pò ó, wákàtí 6 péré, wọ́n á dà á nù. Síbẹ̀, ìgò ṣòfò sàn ju kí ọmọ lọ láìgbà á. Ẹ béèrè ọjọ́ abẹ́rẹ́ èéyi gan-an.

Ìbéèrè: Èéyi mú ọmọ àbúrò mi, ó yè, ṣùgbọ́n àìsàn ò kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Ìdáhùn: Èéyi a máa pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń rántí ogun àtijọ́, ara á wá gbàgbé àrùn tó ti ṣẹ́gun rí. Ẹ mú káàdì rẹ̀ lọ, kí wọ́n wo abẹ́rẹ́ tó kù.