Bí Ẹ Ṣe Máa Lo Òògùn Lẹ́yìn Ìpààrọ̀ Kíndìnrín

Àlejò ni kíndìnrín tuntun jẹ́ nínú ara, àwọn ọmọ ogun ara kò sì ní yé gbógun tì í. Òògùn ló ń dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dá a dúró níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò pọ̀: tacrolimus, mycophenolate àti prednisolone.

Tacrolimus ló gba ìṣọ́ra jù. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, wákàtí 12 síra. Bí ẹ bá lo ti àárọ̀ ní aago 8, aago 8 alẹ́ ni ti ìkejì. Èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ wà pẹ̀lú. Ẹ má fúnra yín fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ má tíì lo ti àárọ̀. Iye tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó lo òmíràn ni dókítà fẹ́ mọ̀. Bí ẹ bá ti gbé e mì, èsì á ga ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n lè torí ẹ̀ dín òògùn kù, kíndìnrín á sì wà láìní ààbò. Ẹ gbé e dání, kí ẹ lò ó bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ tán.

Èso grapefruit, clarithromycin àti erythromycin (òògùn apakòkòrò) àti fluconazole (òògùn àrùn fungus) máa ń mú tacrolimus pọ̀ jù lára: ọwọ́ á máa gbọ̀n, kíndìnrín fúnra ẹ̀ á sì fara gbá a. Rifampicin (òògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ) àti phenytoin (òògùn wárápá) máa ń mú un wálẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Wọ́n rò pé òògùn ti ṣàn dànù, bẹ́ẹ̀ ó sábà máa ń jẹ́ kí tacrolimus pọ̀ sí i ni. Ẹ pe ilé-ìwòsàn, ẹ má fi kún un. Ibuprofen àti diclofenac tí wọ́n ń lò fún ìrora ńkọ́? Ẹ yẹra fún wọn pátápátá, kíndìnrín gan-an ni wọ́n ń bà jẹ́.

Bí ẹ bá gbàgbé, tí ẹ sì tètè rántí, ẹ lò ó. Bó bá ti kù díẹ̀ kí ti ìkejì pé, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má lo méjì pọ̀ láé.

Mycophenolate lè ṣe ọmọ inú oyún léṣe, nítorí náà kí obìnrin bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó lóyún. Ẹ má gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tàbí ti èéyi, nítorí kòkòrò inú wọn ṣì wà láàyè.

Bí ara bá gbóná dé 38°C, ẹ pe ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara bá ń kọ kíndìnrín, ó lè má dunni rárá. Creatinine (ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń sẹ́ kúrò) tó ń ga nínú ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ, nítorí náà ẹ lọ fún àyẹ̀wò bí ara yín tilẹ̀ le koko. Kí òògùn tó ku ti ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ti béèrè òmíràn.