Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ìpàtẹ Ọnà Alárìnká

Ní ọdún 2016 ni Vanessa Carlos, ti gálárì (ilé ìpàtẹ àti títa iṣẹ́ ọnà) Carlos/Ishikawa ní Lọ́ńdọ̀nù, dá ètò Condo sílẹ̀, kí àwọn gálárì kéékèèké lè gbé iṣẹ́ wọn dé ìlú mìíràn láìsan owó gọbọi tí àwọn ọjà ọnà ńláńlá ń gbà lórí àyè tóóró fún ọjọ́ díẹ̀. Gálárì onílé yóò fi apá kan ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún gálárì àlejò fún bí oṣù kan, àlejò yóò sì san owó táṣẹ́rẹ́. Ètò náà dé New York ní 2017, ó sì dé Mexico City, São Paulo àti Shanghai ní 2018. Ó dùn mọ́ mi pé àwọn mìíràn ń fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà ọjà ńlá ni ọ̀pọ̀ ń gbé wọ inú rẹ̀.

Ẹ má ṣe kó ẹrù bí ẹni tí ó ń lọ pàtẹ fún ọjọ́ mẹ́rin. Iṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ̀yin àti onílé jọ yàn, tí ó sì bá èyí tí ó wà lára ogiri tirẹ̀ mu, sàn ju ogún tí a há mọ́ra lọ, nítorí pé ẹni tí ó wò ó lónìí ṣì lè padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ẹnubodè ni àdánù ti ń pọ̀ jù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2021, iṣẹ́ ọnà kò lè ti Paris dé Lọ́ńdọ̀nù mọ́ láìsí ìwé aṣọ́bodè, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń ki àwòrán sínú àpótí aṣọ, wọ́n ń pè é ní ẹrù ara wọn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Ìwé ATA Carnet máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ wọlé fún ìgbà díẹ̀ láìsan owó orí, àmọ́ gbogbo iṣẹ́ tí a kọ sínú rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ padà. Bí ọ̀kan bá tà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò sì ní padà mọ́, owó orí VAT, tí ó jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà, di sísan, nítorí náà ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ iye owó kí ẹ tó bá oníbàárà sọ̀rọ̀.

Inú òtútù oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni Condo ti Lọ́ńdọ̀nù sì máa ń bọ́ sí. Òtútù a máa mú kí ọ̀dà akírílíkì le gan-an, ẹni tí ó bá sì tú kánífáàsì (aṣọ tí a ya àwòrán sí) tí a ká wéré bí ó ti ń ti inú ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀ yóò rí i tí ọ̀dà ń sán. Ẹ ká a mọ́ rọ́ọ̀lù tí ó fẹ̀, kí ojú tí a kùn wà níta, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ nínú yàrá tí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ fún odidi ọjọ́ kan kí ẹ tó tú u.

Ẹ má ṣe tìtorí ọ̀rẹ́ fi ìwé àdéhùn sílẹ̀. Ta ni yóò gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, ìgbà wo ni yóò dé ọwọ́ ayàwòrán, adójútòfò ta ni yóò san án bí ògiri bá jò? Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ó máa ń tú ọ̀rẹ́ ká lẹ́yìn ìpàtẹ.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti àwọn tí ń ṣe àlejò kiri, tí wọn kì í gba ẹnikẹ́ni lálejò. Onílé ń san owó ilé àti owó òṣìṣẹ́ ní gbogbo oṣù náà. Gbà mí lójò kí n gbà ọ́ lẹ́ẹ̀rùn ni ètò yìí dúró lé. Bí ilé yín bá kéré, ogiri kan ṣoṣo tó láti fi gba gálárì kan láti ìlú mìíràn, ẹ sì dá oṣù tí yóò jẹ́ fún onílé yín kí ẹ tó kó ẹrù kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.