Bí Mo Ṣe Fi Imú Kọ Lẹ́tà Lórí Kọ̀ǹpútà

Ọrùn ọwọ́ mi méjèèjì ni wọ́n fi báńdéèjì dì, dókítà sì ní n kò gbọ́dọ̀ tẹ kíbọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, lẹ́tà kan wà lọ́rùn mi tí n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi kọ. Camera Mouse ni mo lò, ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ kí èèyàn fi ìmirí darí atọ́ka, ìyẹn ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà. James Gips ti Boston College àti Margrit Betke ti Boston University ló ṣe é fún àwọn tí ọwọ́ wọn kò ṣeé lò dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n lè mi orí. Ọ̀fẹ́ ni, kámẹ́rà ara kọ̀ǹpútà sì tó o.

Àbúrò mi ló bá mi gbé e sórí ẹ̀rọ, tó sì fi mouse tẹ ṣóńṣó imú mi nínú àwòrán tí kámẹ́rà ń gbé jáde. Ibẹ̀ ni ètò náà ń tẹ̀lé: bí imú bá yà sọ́tùn-ún, atọ́ka á yà sọ́tùn-ún. Kò pẹ́ tí àmì tó wà ní imú mi nínú àwòrán náà fi yọ̀ lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Fèrèsé ẹ̀yìn mi ló fà á. Ó sọ gbogbo ojú mi di dúdú kan náà. A yí tábìlì padà kí ìmọ́lẹ̀ kọjú sí mi, a sún àmì náà sí etí ihò imú, níbi tí dúdú ihò ti pàdé àwọ̀ ara. Kò yọ̀ mọ́.

Títẹ lẹ́tà lórí kíbọ́ọ̀dù tó hàn lójú kọ̀ǹpútà ló le jù. Bí atọ́ka bá dúró lójú kan fún ìwọ̀n àkókò tí a yàn, ó ti tẹ ibẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá dúró ronú báyìí, á ti tẹ lẹ́tà tí n kò fẹ́. Mo bá wá igun kan tí títẹ̀ kò ti lè ba nǹkan jẹ́, ibẹ̀ ni mo ń gbé atọ́ka lọ sinmi.

Ọrùn dùn mí lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, torí pé mo ń yí orí jìnnà jù. Mo mú kí atọ́ka yára sí i. Láti ìgbà náà, ìmirí bíńtín ti tó. Mo fẹ kíbọ́ọ̀dù ojú kọ̀ǹpútà náà tóbi, mo sì ń mú ọ̀rọ̀ tó bá dábàá.

Ìpínrọ̀ mẹ́rin gbà mí ní ọ̀sán ọjọ́ méjì. Èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.