Pinnu, gbèrò, fẹnu kò: ìdáhùn fún ẹ̀yin akọ̀wé ìpàdé

Èmi ni mò ń bá àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ àti ti ẹbí tún ìwé ìpàdé ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó pè mí.

Mo kọ "a yan alága tuntun", wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín.
Ẹ ò ṣìkọ. Wọ́n rò pé ẹ sun alága ni, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé "yàn", ohùn rẹ̀ á di àárín: "a yan alága". Ìyàtọ̀ hàn bí orúkọ bá ṣíwájú: àgbàdo là ń yan. Alága, ńṣe là ń yàn án.

Ṣé gbèrò àti pinnu kì í ṣe ọ̀kan náà?
Rárá. Ẹni tó gbèrò àtilọ lè jókòó sílé, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Ẹni tó ní òun ti pinnu, tí kò lọ, ẹ bi í léèrè.

Ẹgbẹ́ wa pinnu ni, àbí a fẹnu kò?
Bí ẹ bá jọ sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ yín fi di ọ̀kan, ẹ fẹnu kò. Bí alága bá dá a ṣe, tí ẹ̀yin kàn ń wò ó, alága ló pinnu, ẹ má bò ó. Mo tiẹ̀ ti rí "mo fẹnu kò" rí. Ìwọ àti ta ni?

Ifá ńkọ́, ṣé ó yan ọmọ oyè ni?
Lẹ́nu àwọn àgbà, Ifá mú un ni. Àwọn afọbajẹ ló ń yàn.

Mo fi àmì ohùn sí "dájọ́" dáadáa, síbẹ̀ ó ń dá ìjà sílẹ̀.
Ojú mi rí màbo lórí èyí. Akọ̀wé ẹbí kan kọ ọ́ pé: "Àwọn àgbà ti dájọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà." Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀gbọ́n ti ń já búlọ́ọ̀kù sórí ilẹ̀, ó ní wọ́n ti dá òun láre. Àbúrò ní ta ló gbọ́ tẹnu òun? Wọ́n gbé ìwé wá bá mi. Àmì ohùn pé pérépéré, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà: dá ẹjọ́ àti dá ọjọ́, bí ẹ bá ti pa wọ́n pọ̀, "dájọ́" kan náà ni wọ́n ń dà. Akọ̀wé ní bí òun ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá àgbà lòun ṣe kọ ọ́. Kò parọ́. A lọ bá bàbá: "Bàbá, ta lẹ dá a fún?" Bàbá ní, "Dá kí ni? Sátidé la ní kí wọ́n wá rojọ́." Ọjọ́ ni wọ́n dá! Búlọ́ọ̀kù sì ti wà nílẹ̀. Láti ìgbà náà, mi ò gba "dájọ́" lásán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ tú u sílẹ̀: "wọ́n dá ọjọ́ sí Sátidé", tàbí "wọ́n dá ẹjọ́ náà, àbúrò ló jàre". Ẹ kọ ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi.

Bó bá jẹ́ ìwé kóòtù ńkọ́?
Ẹ gbé e fún lọ́yà tàbí ògbufọ̀ kóòtù. Èmi gan-an kì í fọwọ́ kàn án.